Ayé Inú Ẹ̀rọ: Ìtàn Sinimá Olówó Pọ́ọ́kú láti Ẹ̀bá Swinton dé Èkó

A mọ̀ pé bí a bá ní a fẹ́ sọ ìtàn, ìtàn ọba àti ìtàn ogun ni ọ̀pọ̀ nínú yín yóò máa retí. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn sinimá ni a mú wá. Kì í sì í ṣe sinimá àwọn olówó ńlá, bí kò ṣe irú èyí tí wọ́n fi owó táṣẹ́rẹ́ ṣe, tí ó ń sọ nípa ọjọ́ tí ayé parun, tí ó ń dẹ́rù bani, tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sì ń sá wọ inú ẹ̀rọ láti lọ gbé ayé mìíràn níbẹ̀. Ayé inú ẹ̀rọ yìí ni àwọn Òyìnbó ń pè ní virtual reality. Ènìyàn yóò de ohun kan bí akoto ọlọ́kadà mọ́ orí, yóò bo ojú àti etí rẹ̀. Bí ó bá ti dè é tán, ilé tí kò sí yóò dà bí ilé, òkú tí a ti sin yóò sì dúró níwájú rẹ̀ tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè pé kí ni èyí kàn wá, àwa ọmọ Yorùbá tí a wá kàwé nílẹ̀ òkèèrè, a bẹ̀ ẹ́ kí ó kà á dé òpin. Ọ̀rọ̀ náà kàn wá ju bí a ti rò lọ.

Ìlú tí ayé rẹ̀ ti parun rí

Ní Swinton ni díẹ̀ nínú wa fi ṣe ibùgbé. Ìlú kékeré ni, kò ju nǹkan bí máìlì márùn-ún lọ sí àárín Manchester, abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Salford ni ó sì wà láti ọdún 1974. Ẹni tí ó bá wọ bọ́ọ̀sì gba ibẹ̀ kọjá lè rò pé kò sí ìtàn kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èédú àti òwú ni ó sọ ibẹ̀ di ìlú. Ní Clifton tí ó múlé gbè é, iná gbá nínú ihò èédú kan ní oṣù kẹfà ọdún 1885, nǹkan bí 178 ọkùnrin àti ọmọdékùnrin ni ó sì kú. Ní Pendlebury tí ó so mọ́ Swinton pọ́ọ́pọ́ọ́, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ òwú ńlá kan tí a ń pè ní Acme ní ọdún 1905. Ayàwòrán L. S. Lowry gbé ní Pendlebury láti 1909 títí di 1948, ó sì fi ọ̀dà ya ilé iṣẹ́ náà àti àwọn òṣìṣẹ́ tí ń rọ́ jáde láti inú rẹ̀ bí èèrà. Lónìí, a lè rí àwòrán Lowry, ṣùgbọ́n a kò lè rí ilé iṣẹ́ náà mọ́. Ihò èédú ti di dídí. Èbúté ọkọ̀ ojú omi ńlá tí ó wà ní Salford, èyí tí òwú àti ẹrù oríṣiríṣi ń gbà wọlé sí Manchester, ti ìlẹ̀kùn ní ọdún 1982.

Nítorí náà, àwọn ará agbègbè yìí kò nílò wòlíì tí yóò sọ fún wọn bí ayé ṣe ń parun. Wọ́n ti fi ojú ara wọn rí i. Ayé kan wà tí bàbá wọn àti bàbá bàbá wọn mọ̀, ó ní iṣẹ́, ó ní fèrè ìdájí, ó ní ọjọ́ owó oṣù. Láàárín ogójì ọdún péré, ó ti lọ. Ohun tí ó ṣẹ́ kù ni ilé ńlá tí fèrèsé rẹ̀ ti fọ́ àti igbó tí ó hù sí àárín ojú irin.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ni àṣírí àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ sinimá olówó pọ́ọ́kú. Ìparun ayé kò wọ́n láti yà. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya fíìmù nípa ààfin ọba ní láti kọ́ ààfin. Ẹni tí ó bá fẹ́ ya fíìmù nípa ayé tí ó ti bàjẹ́ kò nílò ju ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti pa tì, èéfín díẹ̀, àti òṣèré mẹ́rin tí aṣọ wọn ti gbó. Ayé inú ẹ̀rọ náà kò wọ́n. Àga kan, yàrá kan tí ó ṣókùnkùn, akoto tí wáyà gùn lórí, ó tó. Ọkàn òǹwòran ni yóò ṣe iṣẹ́ yòókù.

Ẹ̀rọ tí a bí ní Manchester

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a gbàgbé pé Manchester wà lára ibi tí a ti bí ẹ̀rọ tí ó ń dá ayé mìíràn yìí. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún 1948, ní Yunifásítì Manchester, ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Baby ṣe iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kankan kò ṣe rí. Ó tọ́jú ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ sínú ara rẹ̀, ó sì tẹ̀lé e. Freddie Williams, Tom Kilburn àti Geoff Tootill ni ó kọ́ ọ. Ní ọdún yẹn kan náà ni Alan Turing dé sí yunifásítì náà, ní 1950 ni ó sì kọ àpilẹ̀kọ rẹ̀ tí ó béèrè bóyá ẹ̀rọ lè ronú. Bí a bá wò ó dáadáa, ìbéèrè yẹn ni ìyá gbogbo fíìmù tí à ń sọ yìí. Bí ẹ̀rọ bá lè sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè mọ̀ pé ẹ̀rọ ni, kí ni yóò dá a dúró kí ó má dá odindi ayé tí a kò fi ní mọ̀ pé kì í ṣe ayé?

Àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó gbé e síwájú. Ní 1962 ni Morton Heilig gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ Sensorama, tí ń jẹ́ kí òǹwòran rí ìran, kí ó gbọ́ ohùn, kí ó sì gbọ́ òórùn. Ní 1968, Ivan Sutherland fi ẹ̀rọ àkọ́kọ́ tí a ń dé mọ́ orí hàn. Nígbà tí ó di 1991, ilé iṣẹ́ kan ní Leicester, níhìn-ín ní Ìlú Ọba, ti ń ta ẹ̀rọ Virtuality tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń ṣeré ní gbàgede ìtajà.

Àwọn oníṣe fíìmù kò dúró de ẹ̀rọ yìí kí wọ́n tó bẹ̀rù rẹ̀. Ní 1973, Rainer Werner Fassbinder ya Welt am Draht fún tẹlifíṣọ̀n Jámánì, nípa ọkùnrin kan tí ó bẹ̀rẹ̀ sí fura pé ayé tí òun ń gbé kì í ṣe ayé gidi. Ní 1993, Albert Pyun ya Arcade ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú owó kékeré, nípa eré orí ẹ̀rọ tí ń gbé ẹ̀mí àwọn ọmọ tí wọ́n ń fi í ṣeré. Nígbà tí The Matrix dé ní 1999, tí wọ́n ná ju mílíọ̀nù 60 dọ́là lé e lórí, tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ bí ohun tuntun, àwọn tí kò lówó ti la ọ̀nà náà sílẹ̀ fún un tipẹ́.

Àwọn alárìnjó Manchester

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jọ tiwa ni à ń bọ̀ yìí. Ní Manchester, ọkùnrin kan wà tí a ń pè ní John E. Blakeley, tí ó ní ilé iṣẹ́ fíìmù Mancunian. Kò lọ wá òṣèré tí ó kọ́ṣẹ́ ní ilé ìwé ńlá. Àwọn aláwàdà orí ìtàgé, tí ń ti ìlú dé ìlú ní apá àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kó jọ, tí ó sì ya àwàdà wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Fíìmù Boots! Boots! tí ó jáde ní 1934, tí ó sọ George Formby di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, inú ilé kan lókè gáréèjì ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti yà á. Ní 1947, Blakeley ra ilé ìjọsìn kan tí wọn kò lò mọ́ ní Dickenson Road, ní Rusholme, ó sì sọ ọ́ di ibùdó fíìmù. Àwọn ọ̀mọ̀wé Lọ́ńdọ̀nù kò ka iṣẹ́ rẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ilé òwú àti àwọn awakùsà san owó wọn, wọ́n wò ó, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ọdún 1954 ni BBC ra ibùdó náà.

Ẹ fi èyí wé tiwa. Hubert Ògúndé dá ẹgbẹ́ eré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945, ó sì gbé e káàkiri ilẹ̀ Nàìjíríà nínú ọkọ̀. Nígbà tí Ọlá Balógun ya Àjàní Ògún ní 1976, tí Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love, kópa nínú rẹ̀, àwọn alárìnjó wa rí i pé sinimá lè gba èdè Yorùbá. Ògúndé gbé Ayé jáde ní 1979, Jáyésinmi ní 1981, Àròpin N'Tènìyàn ní 1982, àti Àyànmọ́ ní 1988. Àwọn pẹ̀lú kò ní owó. Òkè òkun ni wọ́n ń kó fíìmù wọn wá fún fífọ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan bẹnu àtẹ́ lù wọ́n pé àjẹ́ àti oògùn ni ṣáá. Àwọn ará ọjà àti awakọ̀ kò dá wọn lóhùn. Wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n san owó, wọ́n wọlé.

Lẹ́yìn náà ni fídíò dé, ó sì tú gbogbo rẹ̀ ká níbí àti nílé. Ní Manchester, Cliff Twemlow, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ijó, ya GBH sórí fídíò ní 1983. Ní 1991 ó gbé Firestar: First Contact jáde, fíìmù nípa ojú ọ̀run àti àwọn ẹ̀dá abàmì, pẹ̀lú owó tí olówó ńlá kan lè ná sórí oúnjẹ àwọn òṣèré rẹ̀ nìkan. Ó kú ní 1993. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, ní 2023, wọ́n ṣe fíìmù ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ tí wọ́n pè ní Mancunian Man. Ẹ rántí èyí, nítorí a ó padà sí i.

Ẹ̀rù àwọn ará ibí àti ẹ̀rù tiwa

Ní ọdún 1980, ìgbìmọ̀ ìlú Manchester kéde pé àwọn kò fẹ́ ohun ìjà átọ́míìkì ní ìlú àwọn. Àwọn ni àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ìlú Ọba. Ní 1984, BBC fi Threads hàn, nípa bí bọ́ǹbù ṣe pa ìlú Sheffield run. Ẹ̀rù yìí ni ó wà nílẹ̀ nígbà tí Rob Grant tí a bí ní Salford àti Doug Naylor tí a bí ní Manchester kọ Red Dwarf. Oṣù kejì ọdún 1988 ni ó kọ́kọ́ jáde lórí tẹlifíṣọ̀n, Manchester gan-an ni wọ́n sì ti ya àwọn ìpín rẹ̀ ìṣáájú. Ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó ṣẹ́ kù nínú gbogbo ìran ènìyàn, nínú ọkọ̀ òfúrufú kan tí ó ti ń rìn fún mílíọ̀nù mẹ́ta ọdún. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n fi ìpín tí a pè ní Better Than Life hàn, nípa eré kan tí ń wọ inú ọpọlọ, tí ń fún olúkúlùkù ní ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. Ẹnì kan wà láàárín wọn tí ọkàn rẹ̀ kún fún ìbẹ̀rù àti ìkórìíra ara rẹ̀, òun ni ó sì ba ayé rere náà jẹ́ mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́. Àwàdà ni wọ́n fi ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ẹ̀rọ lè fún ọ ní ààfin. Kò lè fún ọ ní orí tí yóò gbé inú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni 28 Days Later dé ní 2002. Danny Boyle tí a bí ní Radcliffe, ìtòsí Swinton níhìn-ín, ni ó darí rẹ̀. Ẹ̀rọ ayàwòrán kékeré tí aráàlú lè rà ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi ya èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn tí ó yè nínú àjàkálẹ̀ àrùn gbọ́ lórí rédíò pé ààbò wà lẹ́bàá Manchester. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n bá ìlú tí ń jó, àti àwọn ọmọ ogun tí wọ́n léwu ju àrùn lọ.

Nílé, ayé mìíràn tí ń bẹ nínú fíìmù wa kì í ṣe ayé inú ẹ̀rọ. Láti ìgbà tí D. O. Fágúnwà ti tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938 ni a ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ nínú ìwé. Nínú Ọ̀run Móorú tí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, gbé jáde ní 1982, ọkùnrin kan tí ó fẹ́ owó òjijì bọ́ sọ́wọ́ gbájúẹ̀, ìṣẹ́ sì lé e títí ó fi bá ara rẹ̀ láàárín àwọn ará ọ̀run. Ìyàtọ̀ pàtàkì kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí a fiyè sí. Nínú sinimá Òyìnbó, ayé kejì irọ́ ni. Oníṣòwò tàbí ẹ̀rọ ni ó dá a láti fi tan ènìyàn jẹ, ìgbàlà sì ni kí ènìyàn jí. Nínú tiwa, ayé kejì òtítọ́ ni, ayé yìí gan-an ni ẹ̀tàn rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹni tí ó bá dé ọ̀hún yóò rí ìwà ara rẹ̀ bí ó ti rí. Ẹ̀rù Òyìnbó ni pé kò sí ohun kan lẹ́yìn ìran tí òun ń wò. Ẹ̀rù tiwa ni pé ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ń wò wá.

Ohun tí a pàdánù

Ẹ̀yin ará, ibi tí ó dùn wá nìyí. Bàbá Sàlá kó gbogbo owó rẹ̀ àti owó tí ó yá lé Ọ̀run Móorú lórí. Ọlá Balógun ni ó darí rẹ̀, Túndé Kèlání ni ó sì di ẹ̀rọ ayàwòrán mú. Kí ó tó jèrè rẹ̀, àwọn ọlọ́ṣà ti da fíìmù náà kọ sórí fídíò, wọ́n sì ń tà á káàkiri ìgboro. Àwọn ènìyàn jókòó sí pálọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú wọn, gbèsè sì jókòó ti ẹni tí ó pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ó ṣe fíìmù mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ náà kò jinná bọ̀rọ̀. Ó kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2018, ní Iléṣà.

Àdàkọ burúkú wọ̀nyẹn náà ti ń bàjẹ́. Ojúlówó ọ̀pọ̀ fíìmù ìgbà yẹn ti sọnù tàbí kí ó ti jẹrà nínú agolo. Èyí ni ayé tí ó parun ní tòótọ́. Kò sí bọ́ǹbù níbẹ̀, kò sí àjàkálẹ̀ àrùn. Ooru, eruku àti àìbìkítà ni. Síbẹ̀ a kò gbọ́dọ̀ sọ̀rètí nù. Fíìmù Shaihu Umar ti Adamu Halilu, tí ó jáde ní 1976 ní èdè Haúsá, tí ọ̀pọ̀ ti gbà pé ó ti sọnù, wọ́n rí i nínú àká ìjọba ní Jos ní 2016, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi í hàn ní Berlin ní 2018.

Àwọn ọmọ wa tí ó tẹ̀ lé wọn kò sì jókòó. Ní 2010, Níyì Akínmọláyan gbé Kájọlà jáde, nípa Èkó ní ọdún 2059, lẹ́yìn ogun abẹ́lé kejì, nígbà tí olówó àti tálákà kò jọ là mọ́. Ó kùnà lọ́jà, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò ní ilé sinimá láìpẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ gun igi ni ó ń mọ ẹ̀ka tí kò lágbára, Akínmọláyan sì di ọ̀kan nínú àwọn adarí tí a mọ̀ jù lónìí. Ní 2014, C. J. Obasi ya Ojuju láìfẹ́rẹ̀ẹ́ ní kọ́bọ̀ lọ́wọ́, ní àdúgbò tálákà kan ní Èkó. Omi ẹlẹ́gbin ni ó sọ àwọn ènìyàn di òkú tí ń rìn. Kò wá ìparun ayé lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ó wo kànga tí àwọn ènìyàn ń mu, ó rí i níbẹ̀.

Ẹ̀rọ tí a ń dé mọ́ orí náà ti dé ọwọ́ wa. Ní 2019, Joel Kachi Benson fi í ṣe Daughters of Chibok, ó sì gba ẹ̀bùn ní Venice. Kì í ṣe iwin ni ó fi hàn. Ìyá kan ni, tí wọ́n jí ọmọ rẹ̀ gbé ní 2014, tí ó ṣì ń tọ́jú aṣọ ọmọ náà. Òyìnbó tí ó dé e mọ́ orí ní Ítálì kò rí ibi gbé ojú sá sí. Ẹ̀rọ tí àwọn ẹlòmíràn kọ́ láti fi sá kúrò nínú ayé, ọmọ Nàìjíríà kan lò ó láti mú kí ayé wo ohun tí ó ti fẹ́ gbàgbé.

Ohun tí ó kàn wá láti ṣe

Cliff Twemlow kò lówó, kò lókìkí ju agbègbè rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ikú rẹ̀, wọ́n ṣe fíìmù tí ó sọ ìtàn rẹ̀. Ta ni yóò ṣe irú èyí fún àwọn alárìnjó tiwa bí kò bá ṣe àwa? Nínú ilé àwọn ẹ̀gbọ́n àti àwọn àǹtí wa ní ìlú yìí, káàsẹ́ẹ̀tì àtijọ́ wà nínú páálí. Bí ẹ bá lọ kí wọn, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó o dànù. Ẹ kọ orúkọ òṣèré tí àwọn àgbà bá rántí sílẹ̀, nítorí ẹni tí ó rántí lónìí lè má sí níbí lọ́dún tí ń bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ nípa kọ̀ǹpútà, ẹ mọ bí a ti ń da fídíò kọ kí ó má bàjẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ òfin, ẹ mọ ẹ̀tọ́ ẹni tí ó ni iṣẹ́. Gbogbo wa, ẹ jẹ́ kí a san owó fíìmù tí a bá wò.

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Ẹgbẹ́ tí ó ní ọmọdé àti àgbà bí tiwa yìí yẹ kí ó lè wo méjèèjì. Ẹni tí kò bá ní àwòrán ayé àná lọ́wọ́, àwòrán ayé ọ̀la tí ẹlòmíràn bá yà fún un ni yóò máa gbé inú rẹ̀, pẹ̀lú akoto lórí, tí kò sì ní mọ̀. Kí Olódùmarè má jẹ́ kí tiwa rí bẹ́ẹ̀.